Ẹja Pípa Lórí Túùbù Nínú Èbúté: A Dá Yín Lóhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. San Diego ní California, ní Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé. Mo ní túùbù ìpẹja, irú èyí tó ní ìjókòó láàárín tí a ń fi bàtà lẹbẹ wà. Adágún ni mo ti ń lò ó. Mo fẹ́ gbé e wọ èbúté báyìí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Omi tó ń rìn ni. Lórí adágún, atẹ́gùn nìkan ló lè gbé yín kúrò níbi tí ẹ wà. Ní San Diego Bay, òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìkún kan sì máa ń ju èkejì lọ. Ẹnu kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Point Loma ni gbogbo omi yẹn ń gbà wọlé, tó sì ń gbà jáde. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ẹnu yẹn ni omi ń le sí i. Agbára káká ni ẹsẹ̀ èèyàn fi lè ti túùbù ní máìlì kan àbọ̀ láàárín wákàtí kan, omi tó ń jáde sì lè yá ju ìyẹn lọ.

Torí náà, kí ẹ tó ronú ìwọ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìkún àti ìfà òkun tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá di àràmọ́jú ni omi máa ń rìn jù; ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ yan ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti wọ omi, ibi tí omi ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wà lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, kí omi lè gbé yín padà nígbà tó bá rẹ̀ yín. Kí ẹ sì ti gúnlẹ̀ kí omi tó yí. Àárọ̀ ló dára jù, nítorí ọ̀sán ni atẹ́gùn òkun máa ń dìde níbẹ̀.

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni túùbù ń lọ, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn. Ẹ fi ojú ọ̀nà ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ so fèrè mọ́ ọn, kí ẹ sì di bẹ́líìtì mọ́ ṣòkòtò róbà tó dé àyà, kí omi má baà kún inú rẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Ẹ fi okùn so bàtà lẹbẹ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀: tí ọ̀kan bá bọ́, òbìrìkìtì lẹ ó máa yí. Lórí afárá ìpẹja gbogboogbò ní California, èèyàn kò nílò ìwé àṣẹ. Lórí túùbù, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní in.

Ìbéèrè: Túùbù mi máa ń le dáadáa létí omi, àmọ́ kò pẹ́ tí mo bá wọ omi tí yóò ti rọ̀. Ṣé ó ti lu ni?

Ìdáhùn: Ó lè má lu. Atẹ́gùn tí ẹ fẹ́ sí i nínú oòrùn máa ń sún kì nígbà tó bá kan omi tútù. Ẹ gbé e sínú omi létí fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fẹ́ ẹ kún. Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ tú díẹ̀ dà nù kíá, torí oòrùn yóò tún mú atẹ́gùn náà wú, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni yóò sì ya. Tó bá ṣì ń rọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa á lára, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ibi tó bá ń hó ni ó ti ń jò. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja, ìwọ̀, àti ìkarahun mímú tó lẹ̀ mọ́ òpó èbúté ló sábà máa ń lu ú. Ẹ má fi ara ro òpó rárá.

Ìbéèrè: Mo ń ju ìwọ̀ sẹ́bàá koríko inú omi, koríko nìkan ni mo ń fà jáde. Ẹja tí wọ́n ń pè ní spotted bay bass ni mo ń wá.

Ìdáhùn: Etí koríko ni ẹja yẹn ń dúró sí, kì í ṣe àárín rẹ̀ nìkan. Ẹ lo ẹja róbà íǹṣì 3 sí 4 tó ní ìrù tó ń jù, kí òjé orí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin áúǹsì níbi tí omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15. Òjé tó bá fúyẹ́ jù, omi yóò gbé okùn tẹ̀ kọrọdọ, ẹ kò sì ní mọ̀ nígbà tí ẹja bá jẹ ẹ́. Tí omi bá ń sáré, ẹ lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Okùn híhun tó ń gba páùn 15, kí fluorocarbon (okùn ìpẹja tí kì í hàn dáadáa nínú omi) páùn 12 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjé kanlẹ̀, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ tún jẹ́ kí ó já. Ìgbà tó ń já bọ̀ ni ẹja sábà máa ń gbé e, torí náà ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀ jù. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kò yẹ lórí ohun tí atẹ́gùn gbé dúró.

Ẹja tí kò bá tó íǹṣì 14, omi ni kí ẹ dá a padà sí. Èyí tí ẹ bá sì mú, ẹ má so ó rọ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kìnnìún òkun (sea lion) yóò wá gbà á, ẹsẹ̀ yín ló sì wà nítòsí.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe èyí ní èbúté Èkó?

Ìdáhùn: Rárá o. Commodore Channel ni omi ọ̀sà Èkó ń gbà já sókun, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Apápá àti Tin Can ń gbà kọjá. Ẹ bá àwọn ọlọ́kọ̀ tó mọ omi náà wọ ọkọ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè yẹra fún stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ń fi ìrù ta èèyàn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè; ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ títí omi yóò fi gbé yín, kí ẹja náà lè kúrò lọ́nà. Tó bá ta yín, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, tí kò ní bó yín, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Tí èémí bá ń há, tàbí tó jẹ́ àyà tàbí ikùn ló ta, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.