Balùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bákónì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà níbí ni mo ti ń kọ̀wé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà fẹ́ gbé wa wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan láti Barcelona, Norwegian Epic lorúkọ rẹ̀, ká fi ṣàjọyọ̀ ọdún 25 tí èmi àti bàbá wọn ti ṣègbéyàwó. Àwa mẹ́rin la jọ ń lọ: èmi, baálé mi, Alhaja tó bí baálé mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 76, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin, ọmọ ọdún 16. Yàrá kan ṣoṣo tó gba ènìyàn mẹ́rin làwọn ọmọ mú. Ó ní bákónì, ó sì wù mí. Àmọ́ nígbà tí mo wo àwòrán rẹ̀ dáadáa, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá kan ẹnu ọ̀nà, ibi ìwẹ̀ wà lápá kejì, síńkì sì wà nínú yàrá gan-an, nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé wọ́n ṣì í yà ni? Orúnkún ń dun Alhaja, ìrun márààrún ò sì gbọdọ̀ fò wọ́n. Ṣé ká gba yàrá yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, mà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ darúgbó. Inú mi dùn pé ẹ wo àwòrán náà kí owó tó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì wa ní Mókọ́lá, iye owó àti bóyá àwọn á máa rí òkun láti inú yàrá ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n á dénú ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí balùwẹ̀, ẹ̀pa ò sì ní bóró mọ́ nígbà yẹn, torí ọkọ̀ tó bá ti kún kò ní yàrá mìíràn tí wọn yóò fi pààrọ̀.

Wọn ò ṣì í yà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọdún 2010 ni Norwegian Epic bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èrò àwọn tó ṣètò yàrá rẹ̀ sì ni pé bí ẹnì kan bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn ráyè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ̀kẹta sì máa fọ eyín. Ni wọ́n bá tú balùwẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á wà lápá kan, ibi ìwẹ̀ á kọjú sí i lápá kejì, ẹ̀yin á sì gba àárín méjèèjì kọjá lọ sí ibi bẹ́ẹ̀dì, níbi tí síńkì wà. Dígí ni ilẹ̀kùn méjèèjì. Dígí náà ṣú díẹ̀, ojú kò lè rí ènìyàn ketekete nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iná ń gbà á kọjá, òjìji ẹni tó wà nínú ilé sì ń hàn. Kọ́tìnì kan wà tí ẹ lè fà láti pààlà sáàárín ibẹ̀ àti ibùsùn. Kọ́tìnì náà ni gbogbo ààbò tó wà.

Pé ibi ìwẹ̀ yàtọ̀ sí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Nínú agboolé tí wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà nílùú Ìbàdàn yìí, balùwẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, ṣalángá ní tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i bí nǹkan àjèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ẹnu ọ̀nà yẹn. Ibi ìwẹ̀ náà kò fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè dúró wọṣọ sí. Ẹni tó bá wẹ̀ tán, àárín ẹnu ọ̀nà ló máa bọ́ sí pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá sì ń ti ìta bọ̀ lásìkò náà, ibẹ̀ ló máa bá a. Tọkọtaya tí wọ́n dá nìkan wà lè fara mọ́ ọn. Àmọ́ baálé yín, ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń di wúndíá? Rárá o, mà. Ìtìjú á bá Alhaja, á bá ẹ̀yin náà, ọmọ yẹn ni kò sì ní lè sọ ọ́ jáde. Ẹ má gbà á.

Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà pàápàá kò tẹ̀ lé e lọ títí. Nígbà tí wọ́n gbé Norwegian Breakaway jáde lọ́dún 2013, balùwẹ̀ ti padà sí yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí síńkì, ṣáwà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀.

Ohun kejì tí kò jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ kó ara yín sí yàrá kan ni bó ṣe fẹ̀ tó. Yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé, èyí tówó rẹ̀ kéré jù, máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 150 sí 185 níbùú-lóòró lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá. Yàrá tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní 12 sí 12 jẹ́ 144, ẹ fi wéra. Àti pé wọ́n ti ka balùwẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹnu ọ̀nà mọ́ iye yẹn. Èyí tó ní bákónì tóbi jù ú lọ díẹ̀, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá wá sọ pé ó gba ènìyàn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ni wọ́n ní lọ́kàn, pẹ̀lú àga gbọọrọ tí wọ́n ń tú di ibùsùn lálẹ́, àti pákó tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà tàbí ara ògiri, tó ní àkàbà. Tí wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, ọ̀nà tóóró ló kù láti ibùsùn dé balùwẹ̀. Ẹni ọdún 76 tó máa dìde lóru, nínú òkùnkùn, lórí ọkọ̀ tó ń mì, ọ̀nà yẹn ò dáa fún un.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n pín balùwẹ̀ lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu ju ti Epic lọ. Ọkọ̀ Disney ló gbajúmọ̀ jù nínú èyí, láti ìgbà tí Disney Magic ti bọ́ sójú òkun lọ́dún 1998. Nínú púpọ̀ nínú yàrá wọn, ilẹ̀kùn méjì tó ṣe é tì ni ẹ ó bá: ọ̀kan ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti síńkì, èkejì ní báàfù, ṣáwà àti síńkì tirẹ̀. Kọ́tìnì tó nípọn sì wà láàárín yàrá, tó ń pín ibi bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí sọ́tọ̀ kúrò níbi àga tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ẹ ṣọ́ra, yàrá inú tówó rẹ̀ kéré jù lórí ọkọ̀ wọn kì í sábà ní irú ìpín yìí. Icon of the Seas ti Royal Caribbean, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, náà ní yàrá ìdílé tí wọ́n pín balùwẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Carnival Dream ní irú yàrá onífèrèsé kan tó ní balùwẹ̀ méjì: ọ̀kan pé pérépéré, èkejì ní báàfù kékeré àti síńkì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: báàfù. Ohun tó ń tu ọlọ́mọ wẹẹrẹ lára lè jẹ́ ìnira fún orúnkún Alhaja. Etí báàfù ga, wọ́n ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ láti wọlé, kí wọ́n sì tún gbé e kọjá láti jáde nígbà tí ara bá ti tutù tí ilẹ̀ sì ń yọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé balùwẹ̀ onílẹ̀kùn méjì ló dára jù fún ìdílé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá báàfù ni tàbí ṣáwà lásán.

Èyí tí ẹ ó bá lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni balùwẹ̀ kékeré onílẹ̀kùn kan. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ tán, àtògiri àti síńkì, kí wọ́n tó gbé e wọnú ọkọ̀ lódindi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi jọra láti yàrá dé yàrá. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìdènà kan nílẹ̀ tó ga díẹ̀, kí omi má bàa ṣàn wọnú yàrá. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ á fi ìka ẹsẹ̀ gbá a, tàbí kó kọsẹ̀. Àyè ṣáwà kì í sábà tó mítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sanra á máa fara gbún kọ́tìnì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í lo omi púpọ̀ bíi tilé wa. Afẹ́fẹ́ ló ń fa ìgbẹ́ lọ, omi tó ń lò lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ariwo rẹ̀ sì máa ń já lójijì. Ẹ sọ fún Alhaja ṣáájú kí àyà wọn má bàa já. Ẹ má ju páàdì tàbí ìnujú olómi sínú rẹ̀. Páìpù kan náà ni àwọn yàrá tó wà lágbègbè yín jọ ń lò, bí ó bá dí, ti àwọn ará ibòmíràn náà lè dí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ gba yàrá méjì. Kí ẹ̀yin àti baálé yín wà nínú ọ̀kan, kí Alhaja àti ọmọ-ọmọ wọn wà nínú èkejì. Ẹ fi bákónì sílẹ̀ bí owó kò bá tó: yàrá méjì láìní fèrèsé kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju yàrá oníbákónì kan tí ènìyàn mẹ́rin há sí lọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń dín sí i, balùwẹ̀ méjì tó pé lẹ ó sì ní. Òkun ò sá lọ, ẹ ó máa rí i lókè ọkọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, tí ẹ lè ṣí kí ó di ilé kan ní ọ̀sán, kí ẹ sì tì í lálẹ́. Àmì wọn máa ń wà lórí àwòrán àjà ọkọ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi yàrá tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan inú ọkọ̀ hàn, ẹ ní kí àwọn ọmọ wá a.

Fún yàrá Alhaja, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò lè rìn dáadáa. Ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láìsí ìdènà, ṣáwà rẹ̀ ní ìjókòó tó ṣe é ká mọ́ ògiri, irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, yàrá náà sì tóbi ju àwọn yòókù lọ. Wọn kò pọ̀ lórí ọkọ̀ kankan, wọ́n sì máa ń tètè tán, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ní kí ẹ kọ ìwé lórí àìlera wọn. Òtítọ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn gan-an, bóyá wọ́n ń lo ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́. Bí kò bá sí mọ́, ẹ gba yàrá oníṣáwà, ẹ yẹra fún oníbáàfù.

Àlùwàlá ò le. Kò sí ìdí tí wọ́n á fi gba bùtà oníke lọ́wọ́ yín, ẹ dì í sínú àpótí. Kí Alhaja jókòó sórí ìjókòó ṣáwà kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ sókè sínú síńkì, kí omi má sì dà sí ilẹ̀ ìta ṣáwà. Ẹ ti gbogbo àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àyè á sì wà láti tẹ́ ẹní ìkírun. Ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ni bọ́ílìn ríìngì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù, torí iná lohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù lórí omi. Omi gbígbóná wà nínú ẹ̀rọ, ẹ kò nílò bọ́ílìn ríìngì rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù, kò gba pùlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, torí náà ẹ ra adápítọ̀ dání. Irin ni ògiri yàrá, ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ lè fi kọ́ híjáàbù àti táwẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ibi tí yàrá á wà, àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀ díẹ̀, ni mímì rẹ̀ kéré jù. Ẹ rí i pé yàrá ẹlòmíràn ló wà lókè yín àti nísàlẹ̀ yín. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ ló máa jí i láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ ní Kánádà. Oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó rọjú, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn á yan yàrá tí wọ́n máa fún yín, tí ẹ kò sì ní mọ nọ́ńbà rẹ̀ títí ọjọ́ á fi súnmọ́. Kí wọ́n má rà á. Ó lè gbé Alhaja sí iwájú ọkọ̀ pátápátá, ó lè ya yàrá yín méjèèjì nípa sí àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n gba nọ́ńbà yàrá méjèèjì sọ́wọ́ kí wọ́n tó san ìdá owó kankan, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà náà wá fídíò yàrá bẹ́ẹ̀ lórí YouTube, nítorí àwọn arìnrìn-àjò máa ń ya tiwọn síbẹ̀. Kí wọ́n wò ó títí dé ibi tí ẹni tó ń ya fídíò bá ti ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀.