Èsì: Kókó inú kíndìnrín lè jẹ́ ikọ́ ife

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ̀wé pé CT scan rí kókó nínú kíndìnrín Màmá, pé wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì fẹ́ yọ kíndìnrín náà. Kí wọ́n tó yọ kíndìnrín Màmá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò fún ikọ́ ife. Àwòrán CT scan lásán kì í sábà ya ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ sọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ kọ ló fu mí lára: ọyún wà nínú ìtọ̀, síbẹ̀ kòkòrò kankan ò hù ní láàbù; ìyẹn lè jẹ́ àmì ikọ́ ife. Àmọ́ bí Màmá bá ti ń lo oògùn apakòkòrò ṣáájú àyẹ̀wò, ìyẹn náà lè fà á.

Ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀ ni kí wọ́n gbà, ọjọ́ 3 tẹ̀léra ó kéré tán. Ẹ béèrè GeneXpert, àyẹ̀wò kíákíá tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, torí àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò náà ní láàbù ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí kò bá yanjú, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà.

X-ray àyà tó mọ́ kò fọkàn ẹni balẹ̀ o. Ikọ́ ife lè wà ní kíndìnrín nìkan.