Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Oyún mi bàjẹ́, ṣé dandan ni kí n dúró fún oṣù mẹ́fà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án bàjẹ́ mọ́ mi lára ní oṣù tó kọjá, wọ́n sì fọ ilé ọmọ mi ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní kí n má tíì lóyún títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, ṣùgbọ́n ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ fẹ́ kí á tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ọkàn mi kò sì yé sọ fún mi pé garawa omi tí mo rù ní ọjọ́ méjì ṣáájú ló fà á.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, arábìnrin mi. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó wá kí yín ló ti sọ ọ́ títí ó fi sú yín, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń tọ́jú aláboyún lójoojúmọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìtùnú lásán: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gbé èyí tó tẹ̀lé e dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Kí n tó dé orí oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí n sọ garawa yẹn kalẹ̀ fún yín. Kì í ṣe òun ló fà á. Nínú oyún mẹ́wàá tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, ọ̀kan tàbí méjì máa ń bàjẹ́, èyí tó pọ̀ jù sì máa ń ṣẹlẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú àwọn oyún kékeré bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ni chromosome wọn kò ṣe déédéé. Chromosome ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá bàbá àti ìyá sínú ọmọ. 46 ló yẹ kí ó jẹ́, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí ọ̀kan bá lé tàbí tí ó dín láti ọjọ́ tí àtọ̀ àti ẹyin ti pàdé, oyún náà lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó wálẹ̀. Ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ó ti dẹ́kun dídàgbà tipẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè ti parí kí ẹ tó fọwọ́ kan omi rárá.

Nọ́ọ̀sì yín kò purọ́ fún yín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú Geneva, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti wá pé kí obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, tàbí tó ṣẹ́ oyún, dúró fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ohun tí wọ́n gbé e lé ni ìwádìí kan láti Látìn Amẹ́ríkà tí ó lé ní 258,000 obìnrin, àléébù ńlá kan sì wà lára rẹ̀: kò ya oyún tó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ṣẹ́. Ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa, àti ẹni tí wọ́n fi irin tí kò mọ́ ṣẹ́yún fún ní kọ̀rọ̀ tí ilé ọmọ rẹ̀ sì kẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n gbà. Èmi kò rò pé èyí tọ́.

Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Skọ́tlándì gbé èsì tiwọn jáde lórí obìnrin 30,937 tí oyún àkọ́kọ́ wọn bàjẹ́ tí wọ́n sì tún lóyún. Àwọn tó lóyún kí oṣù mẹ́fà tó pé kò pàdánù oyún náà tó àwọn tó dúró di oṣù mẹ́fà sí méjìlá, oyún tó ń dúró síta ilé ọmọ náà kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn jáde ní Nọ́wè ní ọdún 2022, lórí ìbímọ tó lé ní 49,000 lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́; àwọn tó lóyún kí oṣù mẹ́ta tó pé pàápàá kò bí ọmọ tí kò tóṣù ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ìwádìí wọ̀nyí ní kí ẹ sáré. Ẹni tó tètè lóyún lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ibà ẹ̀fọn ní Nọ́wè, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ibẹ̀ kò sábà fi ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ oyún bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìdí nìyí tí n kò fi ń wo kàlẹ́ńdà fún irú yín, ẹ̀jẹ̀ ni mo ń wò. A ó gba díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ yóò yí i, pupa yóò sọ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yóò sì dúró lókè; ibi tí pupa náà dé lára ọ̀pá ni a ń pè ní PCV. Bí tiyín kò bá tó ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ gbé e sókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ folic acid, fítámì aláboyún, láti ìsinsìnyí, 400 micrograms lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa lò ó títí oyún tó ń bọ̀ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Àgbo tí wọ́n ní yóò fọ ìyókù ìdọ̀tí jáde, ẹ má mu ún; ilé ọmọ yín ti mọ́.

Àwọn kan wà tí dídúró kàn gbọ̀n-ọ́n. Ẹ bèèrè èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n kó jáde nínú yín, nítorí oyún kan wà tí kì í di ọmọ, tó máa ń wú bí ìdì èso àjàrà; ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún lóyún títí dókítà tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ọ yóò fi ní ó tó. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n fún ní oògùn methotrexate fún oyún tó dúró síta ilé ọmọ, tí a máa ń ní kí ó dúró fún oṣù mẹ́ta. Bí ibà bá ń mú yín, tí omi olóòórùn bá ń jáde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń dà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ lónìí.

Ní ti ọkọ yín àti ìyá wa, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé dókítà kò dè yín mọ́ oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ara yín ni oyún yóò wà, ẹ̀yin ni ẹ ó sì sọ ìgbà tí ẹ ti ṣe tán. Bí ọkàn yín kò bá tíì gbé e, ìyẹn nìkan tó láti dúró. Kí ẹ mọ̀ pé ẹyin lè já láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀, kí nǹkan oṣù tó tún dé, nítorí náà ẹ gba ìfètòsọ́mọbíbí títí ìgbà náà. Bí ẹ bá sì ti ṣe tán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí nǹkan oṣù kan kọjá, kí ọjọ́ oyún lè rọrùn láti kà. Omi ara tí oyún àtijọ́ tú sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àyẹ̀wò oyún ń wá, lè ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àyẹ̀wò ìtọ̀ yóò sì máa sọ pé oyún wà nígbà tí kò sí. Bí ó bá fa ìlà méjì kí nǹkan oṣù tó dé, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá ya àwòrán.