Ẹ má yọ dígí inú kámẹ́rà yín o

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí nínú, ni mo ń lò. Wọ́n ní dígí inú rẹ̀ ló ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, pé ìdí nìyẹn tí àwòrán mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí, fi ń mọ́ ju tèmi lọ. Ẹnì kan ní òun lè bá mi yọ dígí náà kí ó di mirrorless. Ṣé kí n gbà, àbí kí n kúkú tà á?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn fọwọ́ kàn án. Àtúnṣe kámẹ́rà ni mo fi ń jẹun, irú rẹ̀ sì ti dé orí tábìlì mi: wọ́n ti fa dígí yọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù di ojú ibẹ̀, ẹni tó ni ín wá ń bi mí bóyá mo lè bá a parí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ wo?

Ẹ lọ síbi tí kò sí eruku. Ẹ yí kámẹ́rà sí M (ibi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín tò ó), ẹ fi ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ wá wo inú rẹ̀. Dígí kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ní igun 45 lẹ ó rí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì. Gbàá! Ó ti fò sókè, ó lẹ̀ mọ́ àjà, ṣọ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán, ń kọ mọ̀nà níwájú yín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, gbàá, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Àsìkò tí sẹ́ńsọ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ gan-an ni dígí kò sí lọ́nà. Báwo ló ṣe wá ń dín ìmọ́lẹ̀ kù?

Ojú yín ni dígí ń ṣiṣẹ́ fún. Òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè sínú pentaprism, gíláàsì onígun tó ń to àwòrán padà kí ẹ lè rí i tààrà nínú ihò ìwòran. Dígí kékeré kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sísàlẹ̀, síbi tí fókọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ wọ́n, ihò ìwòran fọ́jú, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kú. Ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀ kò sì ní sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ sí i: mìlímítà 44 ni ti EF, ẹnu lẹ́ńsì DSLR Canon, 20 ni ti RF tí wọ́n ṣe fún mirrorless.

Nikon gbé Z6 tí kò ní dígí jáde ní 2018, ó gbé D780 tó ní dígí jáde ní 2020. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 24.5 ni sẹ́ńsọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ fi lẹ́ńsì kan náà ya nǹkan kan náà, kò dájú pé ẹ ó dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ibi bátìrì ni ẹ ó ti rí ìyàtọ̀: nínú ìdíwọ̀n CIPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan, D780 ya àwòrán 2,260 kí bátìrì tó tán, Z6 ya 310, torí sẹ́ńsọ̀ àti ojú ìwòran mirrorless kì í sùn. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ ti ń rí bí àwòrán ṣe máa mọ́lẹ̀ tó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ó sì lè yàwòrán láìdún rárá.

Àmọ́ mi ò ní pé irọ́ ni ohun tí ẹ fojú rí. Torí pé fókọ́ọ̀sì DSLR kò sí lórí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, ó lè yẹ̀ díẹ̀, kó bọ́ sí etí dípò ojú. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ya nǹkan kan láti inú ihò ìwòran, ẹ tún un yà nínú Live View, ìyẹn kí ẹ máa wò ó lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bí ti Live View bá mú ju èkejì lọ, fókọ́ọ̀sì ló fẹ́ àtúntò. Bí méjèèjì kò bá mú bákan náà, ẹ yẹ lẹ́ńsì wò. Mi ò tíì rí kámẹ́rà yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Tí eruku bá wà lórí dígí, inú ihò ìwòran nìkan ló ń hàn sí, kì í wọ àwòrán. Ẹ má fi aṣọ nù ún, iwájú rẹ̀ ni fàdákà rẹ̀ wà, á ha. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi fẹ́ eruku tó.

Ẹ lè tà á tí ẹ bá fẹ́, lẹ́ńsì tuntun ti Canon àti Nikon ti ń lọ sí mirrorless. Ṣùgbọ́n ẹ má tú u wò kí ẹ tó tà á. Tí fíláàṣì bá wà lórí rẹ̀, capacitor rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná fún un, lè gbé iná tó nǹkan bí fóòtì (volt) 300 pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì. Ó ti gbá èmi náà rí.