Ilé àtijọ́ láàárín ìgboro Ọ̀fà: ìdí igi ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ yín ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan láàárín ìgboro Ọ̀fà, pé ẹ fẹ́ rà á kí màmá yín lè máa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ọjà àti mọ́sálásí, àti pé àwọn tó ń tà á ní kí ẹ san ìdajì owó kí Iléyá tó dé, nítorí pé ẹlòmíràn ti ń na ọwọ́ sí i. Mo ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2013, inú rẹ̀ ni mo sì ń gbé títí di òní. N kò kábàámọ̀ rírà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀ẹ̀kejì náà sì wà lọ́rùn èmi fúnra mi.

Ohun tí ẹ ń wá fún màmá kì í ṣe àlá lásán. Kánò ni mo ti ṣòwò fún ọdún mẹ́tàlélógún, nígbà tí ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì tí dókítà ní kí n jáwọ́ nínú wíwa ọkọ̀ lálẹ́, mo mọ̀ pé n kò lè lọ kọ́lé sí ibi tí mo ti máa gun ọ̀kadà kí n tó ra iyọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli sílẹ̀ ní Ọ̀fà ní ọdún 1992 ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ti ń kọjú sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gba yàrá lọ́wọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ kànga, kò sì fẹ́ agboolé tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa bi í pé níbo ló ń lọ. Mo gbà pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí owó ilé inú ìgboro fò sókè bí ti ẹ̀yìn ìlú. Láti ẹnu ọ̀nà mi, n kì í ka tẹ̀sùbáà kan tán kí n tó dé Ọjà Owódé. Aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti kẹ́mísìtì wà ní ojú ọ̀nà kan náà, tí n kò bá sì yọjú láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹnìkan yóò kan ilẹ̀kùn wò bóyá ara mi le.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Baálé agboolé náà, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì àti ìyá àgbà kan ni wọ́n jókòó gba ₦3,200,000 lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ìyá àgbà tẹ̀ka, a jẹ obì, a ṣe àdúà. Mo ní agbẹjọ́rò, kì í ṣe pé n kò ní. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bi í nìkan ló dá mi lóhùn, n kò sì bi í pé ìyàwó mélòó ni ẹni tó kọ́ ilé náà fẹ́.

Mẹ́ta ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2015, mo ń kun fèrèsé òkè lọ́dà nígbà tí ọkùnrin kan dúró nísàlẹ̀, tó fi Yorùbá tí ó lọ́ mọ́ Faransé kí mi. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó yọ fọ́tò kan jáde láti inú ọ̀rá tí ó fi wé e. Bàbá kan tó wọ agbádá ló wà nínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi yẹn gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan tó pọn ọmọ. Wọ́n fi yíǹkì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé: Ọ̀fà, Iléyá 1961. Obìnrin inú fọ́tò náà ni ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìyá tó bí i.

Kumasi ni bàbá tó kọ́ ilé náà ti ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà ayé ìgbà náà, owó Gánà ló sì fi kọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá náà àti ìyàwó méjì wálé. Ìyàwó kẹta kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí Àbíjàn lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí a ń jẹ obì ní ọdún 2013, ìdí igi méjì, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó méjì, ló jókòó. Kò sí ẹni tó parọ́ fún mi nínú wọn. Èmi ni n kò béèrè, àwọn náà kò sì ka àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wálé mọ́ ara wọn.

Ẹ sì mọ̀ pé ìdí igi ni ọ̀pọ̀ ilé wa fi ń pín ogún: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìpín, ọmọbìnrin sì wà nínú rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Àwọn mìíràn a máa pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni iye ìpín. Tí wọ́n bá pín in ní ìlànà Mùsùlùmí, ìpín ọmọbìnrin jẹ́ ìdajì ti ọmọkùnrin, opó sì ní ìpín tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé ìpín náà hàn yín. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ilé tí wọn kò tíì pín ṣì jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Tí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà tó ń ṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, àwọn tí kò fọwọ́ sí i lè gbé e lọ sí kóòtù kí ó fagi lé e. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ìwé ìjọba. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n ní lórí ilẹ̀, kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó dúró. Agbẹjọ́rò yín yóò bá yín ṣe ìyẹn àti ìwé àwọn sọ̀fíyọ̀. Kò sí ìwé Ìlọrin kankan tó lè mú orúkọ ìyàwó kẹta jáde fún yín.

Èmi àti ọkùnrin Àbíjàn yẹn kò dé kóòtù. Àwọn tó gba owó àkọ́kọ́ ti ná an, n kò sì rí kọ́bọ̀ gbà padà lọ́wọ́ wọn. Mo san ₦650,000 fún ìdí igi kẹta, a sì kọ ìwé tuntun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí.

Inú ìwé tuntun yẹn náà ni a ti kọ ọ̀rọ̀ ojú oórì. Bàbá tó kọ́ ilé náà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ táìsì sí lórí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wá ṣe àdúà. Lọ́jọ́ náà, mo máa ń kó àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a tẹ́ ẹní yí bàbá wọn ká, èmi náà a sì jókòó bá wọn jẹ sàráà. Tí ilé tí ẹ rí bá ní ojú oórì, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ kò ní hú u, kí ẹ sì kọ ìgbà tí wọ́n lè wọlé. Àtẹ̀gùn òkè kò sì dára fún orúnkún àgbàlagbà, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni màmá yóò máa sùn. Ẹ bi màmá léèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ara wọn gbà á kí yàrá wọn kọjú sí ojú oórì.

Ní ti ògiri, bíríkìlà àgbà kan ló là mí lójú, ó kàn jẹ́ pé mo ti ra ilé kí n tó pè é ni. Ó mú ìṣó gígùn kan, kò lo òòlù, ó fi àtàǹpàkò tì í sí ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí kò ga ju orúnkún lọ. Ìṣó náà wọlé títí dé orí bí ìka tó wọ inú ẹ̀bà. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri amọ̀ náà ló fà á: omi ń gòkè láti inú ilẹ̀, amọ̀ fẹ́ tú u dànù sí afẹ́fẹ́, sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kí ó jáde, amọ̀ sì ń rọ̀ lẹ́yìn èèpo tó le koránkorán. Ògiri tó dán jù lọ nínú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó dán wò, ní àsìkò òjò tí ó bá ṣeé ṣe. Kí ẹnìkan sì gun àjà, kí ó fi ọ̀bẹ gún àwọn igi tó gbé páànù dúró, nítorí pé ikán a máa jẹ inú igi tán kí ó tó kan ẹ̀yìn.

Ọ̀nà tóóró tó jẹ́ kí ìgboro dùn ún fi ẹsẹ̀ rìn kò jẹ́ kí típà wọlé. Ẹnu títì ni wọ́n da iyanrìn mi sí, owó àwọn ọmọ tó fi bárò kó o wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iyanrìn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá kò lè wọlé pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wo ibi tí ṣáláńgá wà àti bí ó ṣe jìnnà sí kànga tó. Kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí mọ́tò lè dúró, nítorí ọjọ́ tí a bá máa gbé màmá lọ sí ọsibítù lóru.

Ó wá ku ìdajì owó tí wọ́n ní kí ẹ san kí Iléyá tó dé. Ẹ má san án. Àsìkò Iléyá ni Kánò, Èkó àti Àbíjàn ń dé, tí gbogbo ìdí igi ń jókòó sí ojúde kan náà. Tí ẹlòmíràn bá rà á kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé e lọ. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ẹ mú màmá dání, ẹ lọ kí agboolé náà kú ọdún, ẹ jókòó pẹ́, kí màmá sì bi àgbà obìnrin tó bá wà níbẹ̀ léèrè orúkọ gbogbo ìyàwó bàbá tó kọ́ ilé, àti ibi tí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan wà báyìí.