Apakòkòrò tí wọ́n ní kì í pa oyin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé àpótí oyin méjì sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn. Oyin wọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìjàlọ ya wọ inú rẹ̀ lóru, àwọn oyin sì ṣí lọ. Ẹnìkan ti ta ìyẹ̀fun kan fún mi tó ní èèrà nìkan ló ń pa. Báwo ni kí n ṣe bù ú sí àpótí tó?

Ìdáhùn: Ẹ má bù ú rárá. Ìbéèrè yìí ti wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó lé, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìbátan ni èèrà àti oyin. Ohun tó bá ń pa ọ̀kan yóò pa èkejì. Irun wẹ́wẹ́ tó bo ara oyin, èyí tó fi ń kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó wálé, ni yóò fi kó ìyẹ̀fun yín náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa nù ún lára fún un, wọn yóò sì máa fi ẹnu gbé oúnjẹ fún ara wọn títí májèlé náà yóò fi kárí ilé. Ọ̀tàpíápíá kò sàn jù ú, nítorí pé dichlorvos tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ a máa di afẹ́fẹ́, èyí sì tó láti pa wọ́n nínú àpótí tó há. Ìda afárá a tún máa fa oògùn bẹ́ẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ inú afárá yẹn kan náà ni oyin tí ẹ̀ ń retí láti lá wà.

Ẹsẹ̀ àpótí ni kí ẹ dí mọ́ ìjàlọ. Ẹ gbé àpótí ka orí ìdúró tó ga tó mítà kan, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ẹ bu ògbólógbòó ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí, kí ẹ sì fi nǹkan bo agolo náà lókè kí òjò má baà kún inú rẹ̀, kí oyin má sì kó sínú ọ́ìlì. Ẹ máa ro koríko ìdí rẹ̀ déédéé, nítorí ewé kan ṣoṣo tó bá fara kan àpótí ti di ọ̀nà tí èèrà yóò gbà gùn ún. Síbẹ̀, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò ní ṣí mọ́: oyin ilẹ̀ wa, Apis mellifera adansonii, kì í pẹ́ ṣí kúrò níbi tí oòrùn, ebi tàbí ìdààmú bá ti pọ̀.

Ẹ kò bi mí nípa àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí fèrèsé ẹlòmíràn, ibi ìṣeré ọmọdé tàbí ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ bá súnmọ́ àpótí, ẹ gbé e lọ sóko. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba oró oyin lè kú láti ara ìtani ẹyọ kan. Bí ọ̀fun ẹnikẹ́ni bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ti bu ìyẹ̀fun náà kí ẹ tó ka èyí, ẹ kó gbogbo afárá inú àpótí yẹn dànù, kí ẹ má sì yọ́ ìda rẹ̀ lò láti fi fa oyin mìíràn wá.