Ẹni tó bá lé eku méjì, ṣé dandan ni kó pòfo?

Ẹ ní ẹ fẹ́ wádìí bóyá oògùn kan ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Olùkọ́ yín wo iye ènìyàn tí ẹ kọ sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo." Ẹ wá ń béèrè ohun tí òwe ń wá nínú ọ̀rọ̀ ìṣirò.

Ẹ wo "pòfo" fúnra rẹ̀. "Pa" àti "òfo" ló wọnú ara wọn. Ọdẹ tó pa ẹtu gbé ẹtu wálé. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló pa. Eku kan ya ọ̀tún, èkejì ya òsì, ẹsẹ̀ méjì péré lọdẹ sì ní. Èmi ò gbọ́ èèwọ̀ nínú òwe yìí o. Ọdẹ tó bá kó ajá àtàwọn ọmọ lẹ́yìn lè lé méjì. Ohun tí olùkọ́ yín ń wí ni pé àwọn tí ẹ kó jọ kò tó eku méjì í lé.

Mélòó ló wá tó? Ó dọwọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbé wálé. "Ọ̀kan nínú méjèèjì" yàtọ̀ pátápátá sí "méjèèjì", ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ká ní oògùn náà ń fa ìwọ̀n wálẹ̀ ní ìdajì standard deviation (bí ìwọ̀n àwọn ènìyàn ṣe sábà máa ń jìnnà sí àárín tó), tí a gba àṣìṣe 5 nínú 100 láyè, ìyẹn ká rí iṣẹ́ níbi tí kò sí, tí a sì fẹ́ àǹfààní 80 nínú 100 láti rí iṣẹ́ rẹ̀. Fún eku kan, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan tàbí ṣúgà nìkan, nǹkan bí ènìyàn 63 ló tó fún agbo kọ̀ọ̀kan, àwọn tó lo oògùn àtàwọn tí kò lò ó.

Bí èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i bá tẹ́ yín lọ́rùn, ayọ̀ èké ni ẹ máa ṣọ́ra fún. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ dán an wò, 5 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Bonferroni ní kí ẹ pín in, 2.5 fún eku kọ̀ọ̀kan. Agbo kan á wá di ènìyàn 77.

Ṣùgbọ́n bí oògùn náà kò bá wúlò àfi tó bá mú méjèèjì rọlẹ̀, ẹ má pín 5. Òfo gan-an lewu tibí: bí méjèèjì kò bá bára tan, àǹfààní 80 nínú 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan di 64 péré fún méjèèjì pọ̀. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé 90, àpapọ̀ á jẹ́ 81, á sì lé díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà bá jọ ń rìn. Ìyẹn ń fẹ́ ènìyàn 85 nínú agbo kan. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá kò bá ní padà wá fún àyẹ̀wò, 95 ni kí ẹ kó jọ. Kí ẹ sì ti kọ èyí tí ẹ ń lé sílẹ̀ kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́.